Pàṣán Kì í Ṣe Olùkọ́: Ọ̀rọ̀ lórí Ajá Ilé ní Soweto

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwa Yorùbá tí ó yẹ kí olùkọ́ èdè máa fura sí. Bí a bá fẹ́ halẹ̀ mọ́ ẹnì kan, a ó ní, "Màá kọ́ ọ lọ́gbọ́n." Ẹni tí a ń bá wí kò ní máa retí ìwé, ibi tí yóò sá gbà ni yóò máa wò. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, kọ́, ni a fi ń sọ ti ẹni tí ń gba ìmọ̀ àti ti ẹni tí ń fún un. Ẹwà èdè wa ni èyí, ṣùgbọ́n a ti jẹ́ kí pàṣán wọ inú rẹ̀ jókòó. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, kí ó lọ wo bí a ti ń kọ́ ajá nínú ilé wa.

Soweto ni mo fẹ́ fi ṣe ojú àríyànjiyàn yìí, kì í ṣe Ìbàdàn tàbí Ìlọrin, nítorí pé níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ èdè, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àti ọ̀rọ̀ ajá ti pàdé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ọdún 1976, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tú jáde sí Orlando West, wọ́n ní àwọn kò gbà kí a máa fi èdè Afrikaans kọ́ àwọn ní ìṣirò àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Ọlọ́pàá tú ajá sí wọn. Àwọn ọmọ náà pa ajá náà. Ìbọn dún lọ́jọ́ náà, ọmọdé kú, gbogbo ayé sì mọ ìyókù. Ajá yìí kì í sábà sí nínú ìtàn tí a ń sọ, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ni ó kọ́ ọ ní ohun tí ó ṣe.

Kò tán síbẹ̀. Ní ọdún 1998, lẹ́yìn tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti kógbá sílé, àwọn ọlọ́pàá aláwọ̀ funfun kan láti ẹ̀ka alájá ní ìhà ìlà-oòrùn Johannesburg tú ajá sí ọkùnrin mẹ́ta ọmọ ilẹ̀ Mozambique, wọ́n sì ń ya á sí fídíò bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2000 ni tẹlifíṣọ̀n SABC fi í hàn. Orúkọ tí wọ́n pe ìwà náà ni ó ká mi lára jù: wọ́n ní ìdálẹ́kọ̀ọ́ ajá ni.

Ẹni tí ó bá ti inú irú ìtàn báyìí jáde, kò sí ohun tí a lè fi bá a wí bí ó bá ń fi ojú ọ̀tá wo ajá. Ẹni tí mo fẹ́ bá jiyàn ni ẹni tí ó sọ ìtàn yìí di ẹ̀rí pé ìkẹ́ ajá kì í ṣe ti aláwọ̀ dúdú. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2012, Jacob Zuma, ààrẹ South Africa nígbà náà, sọ ní Impendle ní KwaZulu-Natal pé ríra ajá, mímú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, àti mímú un rìn kiri jẹ́ àṣà òyìnbó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtẹ́wọ́. Mo mọ ohun tí ó ń dùn wọ́n: wọ́n ti rí ilé tí ajá ti ń jẹ ẹran tí ọmọ-ọ̀dọ̀ kò rí jẹ. Ṣùgbọ́n nígbà wo ni ìwà ìkà sí ajá di àṣà tiwa? Ajá ti wà ní gúúsù Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ajá ọdẹ ní orúkọ, ó ní ìpín nínú ẹran tí ó bá lé mú, ọdẹ tí ó bá sì fi ìpín ajá du ajá yóò dá nìkan wọ igbó lọ́jọ́ mìíràn. Kí ni a fẹ́ pe ìpín yẹn bí kò ṣe èrè iṣẹ́? Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ wá fún un ní orúkọ gígùn, a wá ń sá fún un bí ẹni pé a kò rí i rí.

Ẹ̀fẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ nìyí. Láti ọdún 2009, ọdún mẹ́ta kí ọ̀rọ̀ Impendle tó wáyé, ní Mpophomeni tí kò jìnnà sí Impendle náà, ni ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Funda Nenja ti ń kó àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àti ajá wọn jọ láti kọ́ wọn. Wọn kì í lu ajá níbẹ̀. Oúnjẹ díẹ̀, ìyìn àti sùúrù ni irin-iṣẹ́ wọn. Orúkọ náà, ní èdè Zulu, ni "kẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú ajá". Ẹ kíyè sí i pé wọn kò lo fundisa, tí í ṣe kí a kọ́ ẹlòmíràn. Funda ni wọ́n lò, ọmọ àti ajá jọ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Mo ti gbé nínú ilé kan ní Dobsonville rí fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀. Aládùúgbò wa ní ajá pupa kan tí ó já ṣéènì lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọkùnrin náà wá a kiri títí, ó ń pè é, "Woza! Woza!" Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ajá gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì wá. Ó fi ikùn wọ́lẹ̀ dé ẹsẹ̀ olówó rẹ̀. Ọkùnrin náà mú bẹ́líìtì, ó nà án dé ibi tí apá rẹ̀ gbà á dé. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ajá tún já. Bí ọkùnrin náà ti ń pariwo "Woza" tó, bẹ́ẹ̀ ni ajá ń sún sẹ́yìn. Ó wá yíjú sí mi pé, "Ṣé ẹ rí i, bàbá? Ajá yìí kò gbọ́n."

Ajá náà gbọ́n. Ó ti kọ́ ìtumọ̀ woza: woza ni bẹ́líìtì. Àwọn àgbà wa ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, gbogbo wa sì máa ń pa òwe yìí láti dá ajá lẹ́bi. A kì í bèèrè ohun tí fèrè náà ti ń sọ fún un láti ìgbà tí ó ti wà lọ́mọdé. Ajá kò lè so ìyà ìrọ̀lẹ́ pọ̀ mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀sán. Ohun tí ó ń ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá tí ìyà dé ni ó so ó mọ́. Bí èrè náà ti rí nìyí. Bí ajá bá jókòó tí oúnjẹ kan ẹnu rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìjókòó ni a san owó fún. Bí a bá fi falẹ̀ títí ó fi dìde tí ó gbó, gbígbó ni a rà.

Iṣẹ́ náà kò le. Ẹ di oúnjẹ díẹ̀ mú sókè imú ajá, kí ẹ rọra gbé ọwọ́ lọ sẹ́yìn orí rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ ti ń tẹ̀ lé ọwọ́, ìdí rẹ̀ yóò kanlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní àkókò yẹn gan-an ni kí ẹ yìn ín, kí ẹ sì fún un. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, ẹ fi ọ̀rọ̀ sí i. Ibí yìí ni olùkọ́ èdè ti ní iṣẹ́ tirẹ̀: nínú ilé kan ṣoṣo ní Soweto, ìyá àgbà lè máa pe ajá ní tloo, ọmọ ní woza, bàbá ní kom, kí gbogbo wọn sì jọ máa bínú pé ajá kò dáhùn. Kí ilé fi ẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kan, ó tán.

Wọ́n á ní, owó dà? Ìdáhùn mi ni pé ẹ má ra nǹkan kan. Nínú páàpù tí ajá yóò jẹ lálẹ́, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan sọ́tọ̀, kí ẹ dà á pọ̀ mọ́ awọ adìẹ tí a gé wẹ́wẹ́ bí ẹ̀wà, kí ó sì ṣiṣẹ́ fún un kí ó tó jẹ ìyókù. Wọ́n á tún ní ajá tí a bá kẹ́ kò ní ṣọ́lé. Èyí kì í ṣe òtítọ́. A kò kọ́ ajá ní gbígbó kí ó tó máa gbó. Ohun tí a ń kọ́ ọ ni ìgbà tí yóò dákẹ́, àti ẹni tí kì í ṣe olè. Ajá tí a bá ń nà nítorí pé ó kùn kò ní yéé bínú. Kíkùn ni yóò yéé, bí ọmọdé bá sì sún mọ́ ọn, eyín ni yóò kọ́kọ́ fi sọ̀rọ̀. Nípa ṣéènì, ìwádìí kan láti Denver ní Amẹ́ríkà, tí a tẹ̀ jáde ní 1994, rí i pé ajá tí a ń so mọ́lẹ̀ nínú àgbàlá wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ó gé ènìyàn jẹ ju láàárín àwọn tí kò gé ẹnikẹ́ni jẹ lọ. Ní 2020, àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Portugal wo ajá 92, wọ́n sì rí i pé àwọn tí a fi ìyà kọ́ ní àmì ìpayà lára ju àwọn tí a fi èrè kọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Ní 2022, lẹ́yìn tí pit bull ti pa ọmọdé ju ẹyọ kan lọ ní South Africa, ó ju 100,000 ènìyàn lọ tí ó fọwọ́ sí ìwé pé kí ìjọba fi òfin de ajá náà. Ọ̀pọ̀ olówó ajá kó tiwọn lọ fún SPCA. Ibòmíràn wà tí àwọn aráàlú ti fi òkúta àti iná pa ajá. N kò sọ pé gbogbo ajá tí ó pa ọmọ ni a ti nà rí. Ìrandíran ajá wà níbẹ̀, ìwà àwọn tí ń tà á wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ariwo ọdún náà, díẹ̀ ni ẹni tí ó bèèrè pé, ta ni ó kọ́ àwọn ajá wọ̀nyí, kí ni ó sì fi kọ́ wọn?

Ẹni tí ó bá ní pàṣán nìkan ni ẹranko gbọ́, kí ó dé Morogoro ní Tanzania. Níbẹ̀ ni ẹgbẹ́ APOPO ti ń kọ́ òkété, òkété tí gbogbo wa mọ̀ yìí, láti fi imú wá bọ́ǹbù tí a rì mọ́lẹ̀. Ohùn kékeré kan á dún, ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀ á tẹ̀ lé e. Irú òkété bẹ́ẹ̀ wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ ní Mozambique títí di 2015 tí a kéde pé ilẹ̀ náà bọ́ lọ́wọ́ bọ́ǹbù ogun. Ilẹ̀ àwọn ọkùnrin mẹ́ta tí a tú ajá sí ni. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan mú bẹ́líìtì ti òkété kí a wò ó.

Ní 1996, òfin ilé-ẹ̀kọ́ South Africa gba pàṣán lọ́wọ́ olùkọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, Ilé-ẹjọ́ Òfin-Ìpìlẹ̀ gba àwáwí lọ́wọ́ òbí tí ó bá na ọmọ nílé. Ọmọ tí òfin ti gbà sílẹ̀ yìí ni a wá ń fún ní okùn láti fi na ajá, a sì ní ó ń ṣe ojúṣe rẹ̀. Àwa tí a ń kọ ìwé fún un ńkọ́? Mo ti jókòó nínú kíláàsì lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ti dúró níwájú rẹ̀, tí a ń fi "Olú na ajá" ṣàlàyé gírámà lójú pátákó, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a nù ún kúrò. "Olú pe ajá" ní olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ bákan náà.