Ẹ Má Dúró De Òkú Kí Ẹ Tó Dáwó

Ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin baálẹ̀ àti olóyè, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ láti Kétu dé Ṣàbẹ, láti Pobè dé Àjàṣẹ́, ẹ gbọ́ wa. Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn, a ò sì ní fi oyin sí i.

Tí ẹnì kan bá kú láàárín wa, owó kì í wọ́n. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti yan aṣọ, wọ́n ti bu iye tí ìdílé kọ̀ọ̀kan máa mú wá, wọ́n ti bá onílù sọ̀rọ̀, wọ́n ti háyà àtíbàbà àti àga. Ọmọ tó wà ní Kútọnu á fi owó ránṣẹ́, èyí tó wà ní Libreville á fi ránṣẹ́, ẹni tí kò ní rárá á lọ yá a. Ṣùgbọ́n kí ẹni yìí kan náà ṣì wà láàyè, kí dókítà sọ fún un pé jẹjẹrẹ ló wà ní ọyàn rẹ̀, kó wá sọ fún wa pé òun ò lè lọ sọ́jà mọ́, pé kí a ran òun lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni kálukú á rántí pé ọwọ́ òun ò dẹ̀, pé ọmọ ń lọ ilé ìwé, pé òjò kò rọ̀ dáadáa lọ́dún yìí.

A ní kí a bi ara wa: òkú ló ni ẹgbẹ́ yìí ni, àbí alààyè?

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó ń ra gàrí ní abúlé Kétu, tó ń kó o lọ sí Àjàṣẹ́. Kò ní ọ̀gá, kò ní ìwé owó oṣù. CNSS tí wọ́n ń pariwo yẹn, òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ń san owó sí i ló ń jàǹfààní rẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn, àwọn náà ló sì pọ̀ jù nílẹ̀ wa, kò sí ẹni tó máa san owó ọjọ́ tí wọn ò lọ sọ́jà fún wọn. Ọjọ́ tó bá jáde ló ń jẹun. Ó wá di pé wọ́n ní kó wá kí wọ́n gé díẹ̀ lára kókó náà lọ yẹ̀ wò: owó. Kó lọ ya síkánà: owó. Wọ́n ní kẹ́mò ló kàn. Kẹ́mò kì í ṣe abẹ́rẹ́ ibà tí èèyàn ń gbà lẹ́ẹ̀kan kó tó lọ sílé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń gbà á, fún oṣù púpọ̀, kí wọ́n sì tó fún un, wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Tí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó, wọ́n á ní kó padà sílé, kó wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Owó ọkọ̀ Kétu sí Kútọnu ti lọ nìyẹn, àlọ àti àbọ̀, tòun ti ẹni tó dì í mú. Ó rẹ̀ ẹ́, ó ń bì, irun ń re, ẹnu kò mọ adùn ọbẹ̀ mọ́. Ta ni nínú yín tó lè ru àpò gàrí báyìí?

Ti ìtọ́jú onítànṣán tún wà níbẹ̀. Ọdún púpọ̀ ni orílẹ̀-èdè Benin fi wà láìní ẹ̀rọ yẹn kan ṣoṣo. Ẹni tó bá nílò rẹ̀ a máa gba Ghana lọ, tàbí kó kọjá sí Èkó tàbí Ìbàdàn. Ìtọ́jú náà, ojoojúmọ́ ni, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìyẹn ni pé yàtọ̀ sí owó ìtọ́jú fúnra rẹ̀, o máa wá ibi tí o máa sùn nílẹ̀ onílẹ̀, o máa jẹun níbẹ̀, ẹnì kan á sì fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ láti tẹ̀ lé ọ. Ní oṣù kejì 2022, nígbà tí àjọ àgbáyé tó ń rí sí agbára átọ́míìkì bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó pè ní Rays of Hope, Benin wà lára àwọn orílẹ̀-èdè 7 àkọ́kọ́ tí wọ́n kà mọ́ ọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kódà kí ẹ̀rọ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, ẹni tí kò ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà ṣì máa jẹun.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò ti lóye ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n rò pé owó oògùn nìkan ni aláìsàn ń wá. Rárá o. Owó oògùn, èèyàn lè rí ẹni tó máa dá a. Owó ilé, owó ìwé ọmọ, owó epo àtùpà, ẹja tó máa fi jẹ ẹ̀kọ lálẹ́, àwọn wọ̀nyí ló ń lé èèyàn kúrò lẹ́nu ìtọ́jú. Ìyá á rò ó: tí mo bá gba ti oṣù yìí, kí ni àwọn ọmọ á jẹ? Á wá fo ti oṣù yẹn. Á fo èyí tó tẹ̀ lé e. Jẹjẹrẹ ò ní ìsinmi ní tiẹ̀. Tí wọ́n bá dá ìtọ́jú dúró ní àárín, ó ń padà dìde. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin Benin fọwọ́ sí láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023 jẹ́ 52.000 sẹ́fà. Ẹni tó ń gba ìyẹn gan-an ò lè dá ẹrù yìí gbé. Ẹni tí kò gba nǹkankan ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa ló ti yá owó ìjọba tí wọ́n ń pè ní Alafia láti fi ṣòwò. Orúkọ náà dùn létí Yorùbá, àbí? Ṣùgbọ́n nígbà tí àlàáfíà ara bá lọ, gbèsè Alafia dúró digbí, àwọn tí wọ́n jọ yá a ni wọ́n á sì wá máa kanlẹ̀kùn.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn wá jù. Ẹ yẹ ìwé òfin àwọn ẹgbẹ́ wò káàkiri ilẹ̀ wa, tiwa náà wà níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé ọmọ ẹgbẹ́ tí kò bá dá owó fún oṣù mẹ́ta kò ní ẹ̀tọ́ sí ìrànlọ́wọ́. Ẹni tó kọ ọ́ ń ronú nípa ọ̀lẹ àti alárékérekè, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni òfin yìí ń mú ní tòótọ́? Ẹni tí àìsàn dá sílé. Oṣù àkọ́kọ́ ó fi owó rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò, oṣù kejì ó wà nílé ìwòsàn, oṣù kẹta kò ní kọ́bọ̀. Nígbà tó bá wá ń kanlẹ̀kùn wa, akọ̀wé á ṣí ìwé, á ní, “Màmá, orúkọ yín ti kúrò níbí.” Ní ọjà pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yọ ọ́ nínú àjọ, kí tirẹ̀ tó kàn án. Tí ìyá yìí bá wá kú, ẹgbẹ́ kan náà á kó aṣọ, á kó ìlù, á lọ jókòó sí iwájú ilé rẹ̀, alága á sì sọ̀rọ̀ nípa ọmọ ẹgbẹ́ rere tó fi wá sílẹ̀. Àfi kó kú kó tó padà di ọmọ ẹgbẹ́!

A ti gbọ́ èsì tí àwọn kan ń fún wa. Wọ́n ní ìjọba ló ni iṣẹ́ yìí. Ó ni ín, a ò sì ní dákẹ́ lórí rẹ̀: RAMU dé ní 2011, ARCH tẹ̀ lé e, wọ́n ní ìlera, ẹ̀kọ́ṣẹ́, owó yíyá àti owó ìfẹ̀yìntì ló wà nínú rẹ̀. Kí àwọn aṣòfin wa àti àwọn mẹ́rì wa wá ṣàlàyé fún wa ní èdè tí a gbọ́, ní ààfin, kì í ṣe ní Faransé lórí rédíò, ohun tí aláìsàn jẹjẹrẹ láti Ìdígny lè rí gbà nínú rẹ̀ àti ibi tó ti máa gbà á. Nígbà tí a bá ń dúró dè wọ́n, ṣé kí ìyá náà máa dúró?

Àwọn mìíràn ní tí a bá ṣe é fún ẹnì kan, gbogbo ayé á wá. Kí wọ́n wá. Ẹgbẹ́ tí ó ní 300 ọmọ ẹgbẹ́, tí kálukú bá mú 500 sẹ́fà wá lóṣù, 150.000 nìyẹn, 1.800.000 sẹ́fà lọ́dún. Kò tó láti wo gbogbo aláìsàn sàn, a ò purọ́. Ó tó láti máa gbé oúnjẹ àti owó ọkọ̀ fún èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí wọ́n má fi ìtọ́jú sílẹ̀. 500 sẹ́fà yìí, ẹlòmíràn ń fi ju bẹ́ẹ̀ lọ ra ọtí lójú agbo òkú kan ṣoṣo.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹnu kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń sọ tiwọn: wọ́n ní àfiṣe ni, pé aláìsàn náà mọ ohun tó ṣe. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ló ń mú kí obìnrin fi kókó ọyàn pamọ́ fún ọdún kan, tí á máa ná owó kékeré tó ní káàkiri ilé àdúrà àti ilé adáhunṣe, tí á sì dé ilé ìwòsàn nígbà tí ó ti di egbò. Ẹ̀yin olóyè, ẹnu yín ló lè pa ọ̀rọ̀ yẹn. Tiwa ò ká a.

Ọ̀nà tí a gbà ń ṣe ìrànlọ́wọ́ tí ó bá tiẹ̀ wáyé náà kò dára. Kí obìnrin dìde láàárín ọgọ́rùn-ún èèyàn, kó máa ṣàlàyé ọyàn rẹ̀ kí wọ́n tó bu 2.000 fún un! Kí ọmọ ìlú ya fọ́tò egbò rẹ̀, kó máa pín in lórí WhatsApp! Àwọn àgbà ilẹ̀ yìí kì í tú èèyàn síhòòhò kí wọ́n tó bo àṣírí rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí a máa gbé wá sí ìpàdé gbogbogbòò nìyí. Kí wọ́n pa òfin oṣù mẹ́ta yẹn rẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí ìwé dókítà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní jẹ gbèsè oṣù tó fi ṣàìsàn. Kí wọ́n yan ìyá méjì àti bàbá kan tí aláìsàn lè lọ bá nílé, ní kọ̀rọ̀, kí àwọn nìkan mọ orúkọ rẹ̀, kí akápò kan mọ iye. Kí owó oògùn lọ tààrà sí ọwọ́ ẹni tó ń ta oògùn, ṣùgbọ́n kí owó oúnjẹ wọ ọwọ́ aláìsàn láìsí pé a ń bi í léèrè ìwé ẹ̀rí fún ẹja àti ata. Àwọn ọba àti baálẹ̀ wa ni a sì ń bẹ̀, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀: kí wọ́n fi àṣẹ sí i pé aṣọ ẹbí kan ṣoṣo ló tó fún ìsìnkú kan, pé nínú owó tí a bá dá fún òkú kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́wàá á wọ àpò àwọn aláìsàn. A ò sọ pé kí ẹ má sin òkú yín. Ẹ sin wọ́n, ẹ lù ú, ẹ jó o.

Ẹni tí kò bá fara mọ́ èyí, kó má sọ ọ́ lábẹ́ igi. Kó wá sí ìpàdé, kó dìde níwájú àwọn olóyè, kó sọ iye tí ìdílé rẹ̀ ná sí ìsìnkú tí wọ́n ṣe kẹ́yìn, kó tún sọ iye tí wọ́n ná sára ẹni náà nígbà tó wà lórí ẹní àìsàn. Akọ̀wé á kọ iye méjèèjì sílẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ni a ó dìbò.