Oko Baba Ẹlòmíràn

Bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, á ní kò sí oko tó tóbi tó ti baba òun. Ọmọ tó ń fọ́nnu ni wọ́n sábà máa ń pa òwe yìí fún, ìdí nìyẹn tí mo fi rò fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ìbáwí lásán ni. Ìrìn-àjò ọjọ́ mẹ́wàá tí èmi àti Ìyá Ìbejì rìn ní Yúróòpù ló jẹ́ kí n tún un gbọ́. Òwe náà kò kúkú sọ pé oko baba ọmọ yẹn kéré. Ó ṣeé ṣe kó tóbi lóòótọ́. Ọmọ náà ni kò tíì rí ohun tí yóò fi wọ̀n ọ́n.

Páríìsì la ti bẹ̀rẹ̀. A gun ilé gogoro Eiffel tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1889, a jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì, a sì wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Lisbon. Oúnjẹ ló kọ́kọ́ mú wa nílẹ̀ Potogí. Wọ́n ní ẹja kan tí wọ́n ń pè ní bacalhau, tí wọ́n fi iyọ̀ pa, tí wọ́n sì gbẹ. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi kí wọ́n tó sè é. Bí abọ́ ṣe dé iwájú wa, ìyàwó mi gbóòórùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

“Bàbá Ìbejì, ọmọ ìyá pańla rèé!”

Kò purọ́. Òkun Nọ́wè ni púpọ̀ nínú àwọn méjèèjì ti ń wá. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń sá èyí tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa sí, tiwọn ló gba iyọ̀.

Láti Lisbon a kọjá sí ìlú Porto, a wọ ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀ ní ibùdókọ̀ São Bento, a tọ ẹ̀gbẹ́ odò Douro lọ sí Pinhão. Níbẹ̀ ni òwe ti bá mi. Òkè ni gbogbo ilẹ̀ náà, òkè tí àwa ìbá ní kò ṣeé dáko sí. Àwọn baba ńlá wọn fọ́ òkúta, wọ́n fi ọwọ́ tò ó ní ìpele-ìpele láti etí odò títí dé orí, kí òjò má baà gbá iyẹ̀pẹ̀ lọ, wọ́n wá gbin àjàrà sórí rẹ̀. Ní ọdún 1756 ni ìjọba ti pààlà sí agbègbè náà. Nígbà tó tún di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kòkòrò kan tó wá láti Amẹ́ríkà jẹ gbòǹgbò àjàrà wọn run. Wọ́n lọ́ ẹ̀ka tó kù mọ́ gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà tí kòkòrò náà kò lè pa, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìpele kan wà tí ẹnikẹ́ni kò padà sí mọ́. Igbó ti bò wọ́n, òkúta ṣì dúró.

Ọtí wọn tí wọ́n ń pè ní Porto náà gba sùúrù. Kí ṣúgà inú omi àjàrà tó tán, wọ́n á da ọtí líle sí i, ìwúkàrà á kú, adùn á dúró. Wọ́n á wá rọ ọ́ sínú àgbá onígi. Èyí tí a tọ́ wò jẹ́ ti ogún ọdún, ó ju àwọn ìbejì wa lọ lọ́jọ́ orí. Mo rántí emu. Emu àárọ̀ dùn, tó bá máa fi di alẹ́ ó ti kan. N kò rí àbùkù nínú ìyẹn o. Emu kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó lọ bá a nídìí ọ̀pẹ.

Ohun tó dùn mí yàtọ̀ sí ìyẹn. Ní Yúróòpù, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni pe ọtí rẹ̀ ní Porto bí àjàrà rẹ̀ kò bá ti etí Douro wá. Lọ́jà tiwa, ìrẹsì tí kò mọ ọ̀nà Ọ̀fadà rí náà ń jẹ́ ọ̀fadà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú wa káàkiri oko yẹn tún mọ ìpele tí baba rẹ̀ tún mọ àti èyí tí baba baba rẹ̀ fi sílẹ̀. Oko kòkó wa ní Ìdànrè ni wọ́n ti rí owó ilé-ìwé mi san, n kò sì lè sọ ibi tí ààlà rẹ̀ wà.

Mo pe Bàbá láti ibẹ̀.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbin kòkó wa?”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Kí ló dé? Ṣé kò sí?”

“Kò sí o, sà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.”

Ohùn wọn yí padà. “Èyí tó wà létí odò, baba mi ni. Tòkè yẹn, èmi àti ìyá rẹ la gbìn ín, lọ́dún tí a bí ọ. Ẹ̀gbẹ́ àpáta ńkọ́? Ìyẹn ní ìtàn tirẹ̀.”

Ìyàwó mi ti yọ bírò, ó ń kọ ọ́ sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè.