Ẹ Má Pe Ìyàwó Nìkan

Bí obìnrin bá wá béèrè oògùn oorun lọ́dọ̀ mi ní Ẹgbẹ́dá níbí, mo máa ń bi í pé, “Àwọn ta lẹ jọ ń gbé?” Lọ́pọ̀ ìgbà, ọkọ ló ń bá a yodì, tàbí kí òun àti ìyá ọkọ má kí ara wọn mọ́. Kí loògùn fẹ́ ṣe sí ìyẹn?

Ní 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ láàrin ará abúlé ní Àrò, l'Ábẹ́òkúta, tí ìbátan aláìsàn á sì bá a wá. Súrà An-Nisāi, ẹsẹ 35, náà ní ká wá onílàjà kan láti ìdílé ọkọ, ọ̀kan láti ti ìyàwó.

Àmọ́ ní mọ́sálásí, ìyàwó nìkan la sábà máa ń pè, a ó ní kó lọ ṣe sùúrù. (Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.) Ẹ jẹ́ ká pe ọkọ, orogún àti ìyá ọkọ, ká gbọ́ tẹnu ọmọ tó ti gbọ́njú. A kò wá ẹni tó jẹ̀bi o. Ṣùgbọ́n níbi tí ọkọ bá ti ń lu ìyàwó, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kò ní lè sọ̀rọ̀ níwájú ẹni tó ń nà án.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ fún un, kó máa lò ó lọ.