Iṣẹ́ tí kò lẹ́ni tó ń ṣe é

Ṣómólú ni mo ti kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, Ṣàngótẹ̀dó ni mo ti ń fi jẹun. Ara ògiri níbí kì í sinmi: pósítà ilẹ̀ títà lé orí ti ìsọjí, ojú olóṣèlú lé orí méjèèjì.

Lóṣù tó kọjá, oníbàárà kan mú iṣẹ́ ìbò wá, pósítà ẹgbẹ̀rún kan. Ó fẹ́ kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí àwọn àlejò mọ ààyè wọn. Mo ní kó máa gbówó rẹ̀ lọ. Ó ní, "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ lásán ni."

Ọ̀rọ̀ lásán kẹ̀? Nígbà ogun abẹ́lé, 1967 sí 1970, ìjọba àpapọ̀ ní ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo àgbàlagbà ṣì ń rántí: "To keep Nigeria one is a task that must be done." Ẹ pè é síta. "One" àti "done" ń dá ara wọn lóhùn. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá á há a sórí. Wọ́n tún tú lẹ́tà márùn-ún orúkọ Gowon, olórí ìjọba náà, sí "Go On With One Nigeria". Ká sọ tòótọ́, àwọn tó ṣe é mọṣẹ́.

"Task" yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn. Bí ìgbà tí wọ́n ní kọ́mọ lọ pọnmi! Ta ló máa ṣe é? Ara ta ni wọ́n máa ṣe é sí? Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n láyè láti fi àwọn méjèèjì pa mọ́. Mo gbìyànjú rẹ̀ ní Yorùbá: "A gbọ́dọ̀ ṣe é." Ẹ ò rí i, "a" ti wọlé. Ìbọn ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ìjọba yìí kan náà ló kọ́kọ́ pe ogun ọ̀hún ní iṣẹ́ ọlọ́pàá.

Biafra, apá àwọn Ìgbò tó fẹ́ yapa, náà ò káwọ́ gbera. Uche Okeke, ayàwòrán ńlá, bá wọn ṣiṣẹ́ ìpolongo. Ilé-iṣẹ́ Markpress ní Geneva ń bá wọn pín ìròyìn kárí ayé. Àmọ́ àwòrán ọmọ tí ebi sọ ikùn rẹ̀ di ràgàjì ló jà fún wọn jù, ìyẹn kì í sì í ṣe irọ́.

Ọjọ́ kẹrin tí mo lé oníbàárà mi lọ, mo rí pósítà rẹ̀ lára fẹ́ǹsì lójú títì. Ẹlòmíì ti bá a tẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ pupa rẹ̀ yẹ̀ kúrò lójú ìlà. Ìyá Ìgbò tó ń sun àgbàdo níbẹ̀ fẹ̀yìn tì í, ó ń fẹ́ná.