Ibà Tó Ń Mú Ẹ̀dọ̀ Wú: Ẹ Yé Pè É Ní Màlérìà àti Táífọ́ọ̀dù

Bí ara bá ti gbóná nílẹ̀ wa, láti Èkó dé Ìlọrin, màlérìà ni. Bí oògùn màlérìà bá kọ̀ tí kò ràn án, a ní màlérìà ti lọ mú táífọ́ọ̀dù dání. Bí ti táífọ́ọ̀dù náà bá kọ̀, a ní ó ti pẹ́ lára, ó ti wọnú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n fa omi sí i lára, kí wọ́n tún abẹ́rẹ́ gún. Ibẹ̀ ni ìbéèrè máa ń parí sí. Mo kọ ìwé yìí nítorí pé ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà, ó sì ń pa èèyàn. Àwọn tó ń tètè pa ni àwọn tí ibà ò fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, tí ẹ̀dọ̀ wọn ń wú lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, tí ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kan ibẹ̀.

Mi ò sọ pé màlérìà kò sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nínú gbogbo màlérìà tó mú èèyàn káàkiri ayé lọ́dún 2022, ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ ti Nàìjíríà nìkan. Táífọ́ọ̀dù náà wà níbikíbi tí ìgbẹ́ bá ti ń rọ́nà dénú omi mímu. Àrùn méjèèjì sì lè mú ẹ̀dọ̀ wú. Ẹni tí ara rẹ̀ gbóná tó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún màlérìà ṣe ohun tó yẹ kó ṣe. Àléébù wa ni pé ibi tó yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ la ń jókòó sí.

Ẹ mú ìwé èsì tí wọ́n ń fún wa ní lábù ẹ̀bá títì, ẹ wò ó dáadáa. Lókè, wọ́n kọ MP, ìyẹn kòkòrò màlérìà, wọ́n fa àmì ìròpọ̀ méjì síwájú rẹ̀. Nísàlẹ̀ ni Widal wà, lẹ́tà O àti lẹ́tà H ní ìlà-ìlà, 1/80 níbí, 1/160 lọ́hùn-ún, wọ́n sì fi bírò pupa yí ọ̀kan po. Bírò pupa yẹn ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé kiri pé àwọn ti rí táífọ́ọ̀dù. Ọdún 1896 ni Georges-Fernand Widal gbé àyẹ̀wò náà jáde ní Paris. Àyẹ̀wò náà kì í wá kòkòrò táífọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ rárá. Èròjà tí ara ń pèsè láti fi bá kòkòrò náà jà ló ń wá, irú èròjà bẹ́ẹ̀ kì í sì í tètè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí táífọ́ọ̀dù ti mú rí lè ṣì ní in lára. Ẹni tí kòkòrò mìíràn tó bá ti táífọ́ọ̀dù tan ti wọ ikùn rẹ̀ rí lè ní in. Màlérìà fúnra rẹ̀ lè mú kí Widal jáde. Èyí tó wá kàn wá jù níbí ni pé ẹ̀dọ̀ tó ti ń ṣàìsàn fún ìgbà pípẹ́ máa ń jẹ́ kí irú èròjà yìí pọ̀ lẹ́jẹ̀, Widal á sì sọ pé táífọ́ọ̀dù ni. Ẹ jẹ́ ká ro ìyẹn wò. Àrùn inú ẹ̀dọ̀ ló fa bírò pupa yẹn, a sì lọ ń gba abẹ́rẹ́ àrùn mìíràn nítorí rẹ̀.

Bí Widal yóò bá wúlò rárá, ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ ká ṣe é, kí ọjọ́ bíi 10 sí 14 wà láàárín méjèèjì, kí ti ẹ̀ẹ̀kejì sì fi ìlọ́po mẹ́rin ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá táífọ́ọ̀dù ni lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbà sínú ìgò pàtàkì kan, kí kòkòrò inú rẹ̀ lè hù kí wọ́n rí i, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbà á kí aláìsàn tó lo oògùn apakòkòrò kankan. Ìyẹn pàápàá máa ń fo àwọn kan dá. Nígbà tí ọ̀pọ̀ wa bá sì máa fi dé ọsibítù ńlá, a ti gbé oògùn mẹ́ta, mẹ́rin mì, kòkòrò ò ní lè hù nínú ìgò mọ́.

Ti màlérìà náà ní ìbòjú tirẹ̀. Pátákó kékeré tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí lè máa fi ìlà méjì hàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí oògùn ti pa kòkòrò tán. Àgbàlagbà tó gbé ilẹ̀ yìí dàgbà sì lè ní kòkòrò màlérìà díẹ̀ lẹ́jẹ̀ láìjẹ́ pé òun ló fa ibà tó ń ṣe é lọ́wọ́. Wọ́n ní ohun tó ṣe Aboyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ọ̀rọ̀ ibà kò rí bẹ́ẹ̀.

Kí ló yẹ kó ṣẹlẹ̀ nígbà náà? Kí wọ́n fọwọ́ kan aláìsàn. Dókítà tó mọṣẹ́ á ní kí ó fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ó ká orúnkún sókè kí ikùn lè rọ̀. Á bi í léèrè ibi tó ń dùn ún, kí ó má baà bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Á tẹ́ ọwọ́ pẹrẹsẹ sí ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún, á ní, "Ẹ mí sínú, ẹ mí kanlẹ̀." Bí èémí bá ti ń wọlé, ẹ̀dọ̀ á máa sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ dókítà á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí etí ẹ̀dọ̀ á fi kan ìka rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí ara wọn le, etí yẹn kì í yọ ju egungun ìhà lọ, bó bá sì yọ, ó kéré. Bó bá yọ tó ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nǹkan wà níbẹ̀. Ẹ̀dọ̀ tó rọ̀, tó ń dun aláìsàn débi tó fi sáré gbá ọwọ́ dókítà mú, ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń sọ. Èyí tó le gbagidi, tó ní kókó-kókó, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, á fi orí ìka kan ṣoṣo tẹ àárín egungun ìhà níkọ̀ọ̀kan, á máa wo ojú aláìsàn. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, kò sì nílò iná mànàmáná. Bí a bá ṣe é fún gbogbo ẹni tí ibà rẹ̀ kọ̀ tí kò lọ, ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń sin ì bá wà láàyè.

Ibi tí ìka kan ṣoṣo yẹn bá ti mú ọkùnrin tó le dáadáa fò sókè, ẹ jẹ́ ká rántí oówo inú ẹ̀dọ̀. Kòkòrò tín-ínrín kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Entamoeba histolytica, tó ń bá omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kàn wọ ikùn, ló sábà máa ń fà á. Òun kan náà ló ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn. Láti inú ìfun, á bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀, á máa jẹ ẹ́ níbẹ̀, ọyún á sì gbára jọ. Àgbàlagbà ọkùnrin ló ń mú jù, ó fi ìlọ́po púpọ̀ ju ti obìnrin lọ. Ibà pẹ̀lú òtútù, òógùn tó ń rin aṣọ, ìrora lábẹ́ ìhà ọ̀tún tó lè gùn dé èjìká ọ̀tún, nígbà míì ikọ́ gbígbẹ. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé ọ̀pọ̀ wọn kì í ya ìgbẹ́ gbuuru rárá lásìkò náà, bí wọ́n bá sì yẹ ìgbẹ́ wọn wò, wọ́n lè má rí kòkòrò kankan. Ẹni tí ìrora bá mú á ní ọgbẹ́ inú ni. Ẹni tí ibà bá mú á ní táífọ́ọ̀dù ni. Ẹ̀rọ skáànì tí wọ́n fi ń wo aboyún, òun náà ló máa fi ihò ọyún yẹn hàn.

Oògùn rẹ̀ sì wà nítòsí. Metronidazole, tí gbogbo wa mọ̀ sí Flagyl, ni, ní ìwọ̀n tí dókítà bá pè, fún ọjọ́ 7 sí 10. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ibà á ti máa lọ kí ọjọ́ kẹrin tó pé. Oògùn mìíràn á wá tẹ̀ lé e láti pa èyí tó ṣẹ́kù sínú ìfun. Bí a bá pa á tì, oówo náà lè bẹ́ sínú àyà, sínú ikùn, tàbí sínú àpò tó yí ọkàn ká. Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí sáré lọ ra Flagyl fúnra rẹ̀ o: kòkòrò mìíràn wà tó ń fa oówo ẹ̀dọ̀ tí Flagyl nìkan kò lè wò. Àwọn tó ń po oògùn mọ́ra wọn ní kẹ́mísìtì a máa sọ Flagyl méjì-mẹ́ta sínú ọ̀rá oògùn "táífọ́ọ̀dù". Ibà á rọlẹ̀ díẹ̀, gbogbo ilé á ní, "Ṣé ẹ rí i pé táífọ́ọ̀dù ni?" Oówo náà á sì wà níbi tó wà.

Ẹ̀dọ̀ tó le, tó ní kókó, ni èyí tó bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Àyẹ̀wò tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú 100 èèyàn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64, bí 8 ló ní kòkòrò mẹ́dọ̀wú oríṣi B lára. Ọ̀pọ̀ wọn ti kó o láti kékeré, láti ara ìyá tàbí láti ara ọmọdé ẹlẹgbẹ́ wọn, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún. Kòkòrò náà ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ nídàákẹ́jẹ́. Ẹ̀pà àti àgbàdo tó ti bu, tí a ń ṣà jẹ, ní májèlé tó ń ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí ọkùnrin bá di ẹni ọgbọ̀n ọdún sí ogójì ọdún, tó ń gbé ọmọ kékeré lọ sílé ìwé, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀: ó ń rù, ikùn ń wú, ara ń gbóná lóru. Ká tún wá lo oṣù méjì lórí Widal. Ẹni tó bá mọ̀ ní kùtùkùtù pé mẹ́dọ̀wú wà lára òun lè gba oògùn bíi tenofovir tó ń dá kòkòrò náà lọ́wọ́ kọ́, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Láti 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti wọ inú àwọn tí wọ́n ń fún ọmọ ọwọ́ nílẹ̀ wa, ó sì yẹ kí ọmọ gba àkọ́kọ́ kí wákàtí 24 tó pé lẹ́yìn ìbí.

Ikọ́ ife náà lè bá ẹ̀jẹ̀ tàn dé ẹ̀dọ̀, kí ẹni tó ní in má wúkọ́ rárá. Ara rẹ̀ á gbóná ní ìrọ̀lẹ́, òógùn á bò ó lóru, aṣọ rẹ̀ á máa tóbi sí i. Oògùn tí a ń pè ní cipro, tí wọ́n ń pín bí ẹ̀kọ fún táífọ́ọ̀dù, òun àti ẹbí rẹ̀ lè tẹ ikọ́ ife lórí ba fún ìgbà díẹ̀. Ara á fúyẹ́, ibà á tún padà, àsìkò á ti lọ. Bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn ikọ́ ife ní àwọn ibùdó ìjọba.

Ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹ mọ ibà Lassa ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìlú kan ní Borno, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá àrùn náà mọ̀ ní 1969, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń gbé e wọ oúnjẹ. Bíi màlérìà ló ń bẹ̀rẹ̀, bí a bá sì ń tọ́jú rẹ̀ bíi màlérìà, àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà lè kó o. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1986 láti Sierra Leone fi hàn pé ohun tí ẹ̀dọ̀ tó ń jìyà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tó ń sọ ẹni tí ikú súnmọ́, àti pé oògùn ribavirin ń gba irú wọn là dáadáa bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ 6 tó kọjá. Ọjọ́ 6 péré. Ọjọ́ mélòó la fi ń lo oògùn màlérìà lẹ́ẹ̀mejì?

Àwọn kan á sọ pé, "Àbúrò mi lo oògùn táífọ́ọ̀dù, ara rẹ̀ sì yá." Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibà ló ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ohunkóhun tí a bá mu lásìkò náà ló ń gba ìyìn. Àwọn mìíràn á ní àgbo kíkorò ló ń fọ ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń sẹ́ gbogbo ohun tí a bá mu. Èyí tó ti ń wú, tó ń dùn, kò yẹ kí a tún di ẹrù tí kò níye lé e lórí. Bákan náà ni parasítámọ́ọ̀lù tó bá kọjá ìwọ̀n: gíráàmù 4 lóòjọ́ ni òpin fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le.

Ibà tí kò fẹ́ fi ojú hàn kì í ṣe tiwa nìkan. Ní 1961, Robert Petersdorf àti Paul Beeson ní Amẹ́ríkà kọ nípa 100 aláìsàn tí ara wọn gbóná ju ìwọ̀n 38.3°C lọ léraléra fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kòkòrò ló fa ti 36, jẹjẹrẹ ló fa ti 19, àwọn 7 péré ni wọn kò rí ìdí tiwọn. Bíbéèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ aláìsàn àti yíyẹ ara rẹ̀ wò, lónìí, lọ́la, àti lọ́tùnla, wà lára ohun tó gbé wọn débẹ̀. Wọn ò ní ẹ̀rọ skáànì tó wà ní ìgboro Ìbàdàn lónìí.

Owó ńkọ́? Ẹ ṣírò oògùn màlérìà ẹ̀ẹ̀mẹta, abẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún, omi tí wọ́n fà sí yín lára, Widal mẹ́ta, àgbo, àti ọ̀sẹ̀ tí ẹ kò lè lọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wá fi skáànì ikùn kan, àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú kan àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ẹ̀dọ̀ síwájú rẹ̀. Ẹni tó bá ti lo oògùn màlérìà pé, tí ibà ṣì wà ní ọjọ́ kẹta, tàbí tí ìhà ọ̀tún ń dùn ún, kí ó lọ sí ọsibítù, kí ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ wo ẹ̀dọ̀ mi, kí ẹ gba ẹ̀jẹ̀ mi sínú ìgò kí n tó lo oògùn mìíràn." Ẹ̀yin oníkẹ́mísìtì, ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ rí wa. Ẹni tó bá padà wá bá yín lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ibà kan náà, ẹ má ta oògùn fún un mọ́. Ẹ ní kí ó gbọ̀nà ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà gan-an.