Ẹ Má Sá, Ẹ Má sì Sùn: Lórí Dókítà Tí Ìjọba Yàn àti Nọ́ọ̀sì Tó Wá Kí Òṣìṣẹ́ Nílé



 Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń kà wá ní Amẹ́ríkà ló ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀: ẹ̀yin tó ń to lẹ́tà lóru ní iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, ẹ̀yin tó ń gbé aláìsàn dìde ní ilé ìwòsàn àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀yin tó ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Ẹ̀yìn, orúnkún àti èjìká lẹ fi ń ṣe é. Lọ́jọ́ kan, ẹ gbé àpótí kan, nǹkan kan sì já ní ìbàdí. Ẹ kọ fọ́ọ̀mù, dókítà yín ní kí ẹ sinmi, owó gbà-má-bínú bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, lẹ́tà kan dé: ẹ gbọ́dọ̀ lọ rí dókítà tí ẹ kò mọ̀ rí, ní ọjọ́ báyìí, ní aago báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, obìnrin kan pè lórí fóònù: nọ́ọ̀sì lòun, òun ń bọ̀ wá kí yín nílé.

Àyà yín já. Ẹ ní, "Ṣé wọ́n fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọmọ mi ni?"

Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò ju gbólóhùn kan lọ: ẹ má sá fún dókítà yẹn, ẹ má sì sùn lọ síwájú rẹ̀. Ẹni tó sá yóò pàdánù owó rẹ̀ nítorí pé ó sá. Ẹni tó sùn yóò pàdánù rẹ̀ nítorí pé ìwé ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ nígbà tí ìwé tirẹ̀ dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí owó yìí jẹ́. Ní 1916 ni ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní OWCP, lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ló ń bójú tó o. Òfin yìí ń san owó ìtọ́jú. Bí ẹ kò bá lè ṣiṣẹ́ rárá, ó ń san ìdá méjì nínú mẹ́ta owó oṣù fún ẹni tí kò ní ẹni tó gbára lé e, àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fún ẹni tó ní. Kì í ṣe sàráà. Nítorí òfin yìí, ẹ kò lè pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí ìpalára náà. Owó yìí ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀tọ́ yẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń béèrè rẹ̀ kò tọrọ báárà. Ṣùgbọ́n òfin kan náà tó fún yín lówó ló fún OWCP ní àṣẹ láti ní kí dókítà mìíràn yẹ̀ yín wò, nígbàkúùgbà tó bá rí i pé ó yẹ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó sá. Bí ẹ bá kọ̀ láti lọ, tàbí tí ẹ lọ tí ẹ kò jẹ́ kí dókítà ṣe iṣẹ́ rẹ̀, OWCP yóò fún yín ní ọjọ́ 14 láti kọ ìdí tí ẹ fi ṣe bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Bí ìdí náà kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn yóò dá owó yín dúró títí ẹ ó fi gbà láti lọ. Owó àwọn ọjọ́ tí ẹ fi kọ̀ yẹn kì í padà wá. Bí ó bá sì jẹ́ agbẹjọ́rò tàbí aṣojú yín ló kọ̀, ẹ̀yin náà lẹ kọ̀ lójú òfin. Bí ara yín kò bá yá lọ́jọ́ náà, tàbí tí ibẹ̀ jìn ju ohun tí ẹ̀yìn yín lè gbà nínú ọkọ̀ lọ, ẹ tètè kọ̀wé kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sì jẹ́ kí dókítà yín kọ tirẹ̀ mọ́ ọn. Owó àyẹ̀wò kò kàn yín. OWCP ló ń san án. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ dá owó ọkọ̀ padà fún yín, àti owó iṣẹ́ tí ẹ pàdánù nítorí àyẹ̀wò náà. Ẹ tọ́jú rìsíìtì.

Ó ku ẹni tó sùn, àwọn wọ̀nyí ló sì pọ̀ jù láàrin wa.

Dókítà kejì yìí kò mọ̀ yín rí. Ohun tó mọ̀ nípa yín ni ìwé tí OWCP fi ránṣẹ́ sí i: àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n gbà pé ó ṣẹlẹ̀, àti àwọn ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ kó dáhùn. Bí àkọsílẹ̀ yẹn bá sọ pé iṣan ẹ̀yìn ló fà, tí kò mẹ́nu kan egungun ẹ̀yìn tó yẹ̀, ohun tí wọ́n kọ ni yóò gbé ìdáhùn rẹ̀ kà. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ẹ̀dà fáìlì yín. Ẹ béèrè rẹ̀, ẹ kà á, bí ẹ bá sì rí àṣìṣe, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ kí ọjọ́ àyẹ̀wò tó pé.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ dókítà tiyín. Òfin fún yín láyè láti yan dókítà tí yóò kọ́kọ́ tọ́jú yín. Bí ó bá jẹ́ ìpalára ojú ẹsẹ̀, ó yẹ kí ọ̀gá yín fún yín ní fọ́ọ̀mù CA-16 láàrin wákàtí mẹ́rin, kí ẹ fi lọ gba ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ dókítà ló máa ń kọ gbólóhùn kan ṣoṣo: "Ẹ̀yìn ń dùn ún, kó má ṣiṣẹ́." Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè dúró níwájú ìwé olójú ewé mẹ́wàá tí dókítà kejì kọ. Ohun tí OWCP ń wá ni ìdí: kí ni ó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, báwo ni ohun náà ṣe ba ara yìí jẹ́, kí ni àwòrán ìtàn-ẹ̀rọ tàbí àyẹ̀wò fi hàn, kí ni ẹni yìí lè gbé àti èyí tí kò lè gbé. Ẹ bẹ dókítà yín pé kó kọ "nítorí pé" sínú ìwé rẹ̀, kó má kàn kọ "bẹ́ẹ̀ ni."

Bí ìwé dókítà yín àti ti dókítà kejì bá wúwo bákan náà, tí wọ́n sì tako ara wọn, òfin ní kí OWCP yan dókítà kẹta, tí kò lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà rí, láti là á. Bí onílàjà yìí bá ṣàlàyé ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló sábà máa ń borí. Ṣé ẹ rí i? Ìwé dókítà yín ló ń gbé yín dé ọ̀dọ̀ onílàjà. Bí kò bá lágbára, ẹjọ́ lè parí sọ́dọ̀ dókítà kejì.

Ta lẹ lè mú dání? Sọ́dọ̀ dókítà kejì, ẹ lè mú dókítà tiyín lọ, tí ẹ̀yin fúnra yín sanwó fún. Ìyàwó, ọkọ, ọ̀rẹ́ tàbí pásítọ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé, àfi bí OWCP bá gbà pé ìdí pàtàkì wà. Sọ́dọ̀ dókítà onílàjà, ẹ̀yin nìkan ni, bí kò bá sí irú ìdí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará lè fi ọkọ̀ gbé yín lọ, kí wọ́n dúró síta.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ òótọ́ ara wa fún ara wa. Bí dókítà bá bi Yorùbá pé, "Báwo ni ara?" kí la máa ń sọ? "A dúpẹ́." Bí ó bá jẹ́ onígbàgbọ́, á ní, "Ara mi ti yá." Lójú wa, ìkíni àti ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ ni. Lójú dókítà, ìdáhùn aláìsàn ni, yóò sì kọ ọ́ pé ẹni yìí fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ara òun ti yá. Ẹ fi ìjẹ́wọ́ yẹn sílẹ̀ fún ibi àdúrà. Ní yàrá àyẹ̀wò, ohun tí ara ń ṣe lónìí ni kí ẹ sọ: "Mo lè jókòó fún ogún ìṣẹ́jú. Mi ò lè bẹ̀rẹ̀ wọ ìbọ̀sẹ̀. Òru ló máa ń le jù." Sísọ ibi tó ń dùn yín kì í ṣe àìnígbàgbọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má fi kún un. Ẹ má tiro bí ẹsẹ̀ kò bá dùn yín. Dókítà mọ bí a ti ń mọ ìrora tòótọ́ yàtọ̀ sí eré, irọ́ kan ṣoṣo sì ti tó láti ba òótọ́ mẹ́wàá jẹ́. Ẹni tó bá purọ́ gba owó yìí, ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀.

Ó ku nọ́ọ̀sì. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé ta ló rán an. Nọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ yín, ọ̀gá yín ló ń ṣiṣẹ́ fún. Nọ́ọ̀sì OWCP yàtọ̀: iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti ràn yín lọ́wọ́ kí ẹ lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó lè lọ sí ibi iṣẹ́ yín láti rí i pé ohun tí wọ́n fẹ́ kí ẹ ṣe kò ju agbára tí ìwé dókítà fi hàn lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ ènìyàn rere, wọ́n sì ti bá òṣìṣẹ́ gba àga tó tọ́ àti iṣẹ́ tó fúyẹ́. Ṣùgbọ́n òfin sọ ọ́ kedere pé kì í ṣe nọ́ọ̀sì ló ń gbé ìwé dókítà yẹ̀ wò láti pinnu èyí tó borí. Òṣìṣẹ́ OWCP tó ni fáìlì yín ló ń ṣe ìyẹn. Ẹ má bínú sí i bí ẹni pé òun ni adájọ́.

Bákan náà, ẹ má kọ̀ ọ́. Bí ẹ bá kọ̀ láti bá nọ́ọ̀sì OWCP pàdé láìnídìí tó yè kooro, wọ́n lè gbà pé ẹ̀yin ì bá ti padà síbi iṣẹ́ láìpàdánù owó kankan ká ní ẹ fara mọ́ ọn, kí wọ́n sì tìtorí bẹ́ẹ̀ gé owó yín kúrò. Ẹ gbà á bí a ti ń gba àlejò, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àlejò yìí ń kọ ìròyìn. Ẹ fún un lómi, ẹ má kó ìtàn ìdílé fún un. Ọ̀rọ̀ ara yín àti ti iṣẹ́ yín ti tó. Bí ó bá tẹ̀ lé yín lọ sọ́dọ̀ dókítà yín, ẹ lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró síta kí àyẹ̀wò parí. Ẹ kọ ọjọ́ tó wá àti ohun tí ẹ jọ sọ sínú ìwé kan.

Ọ̀gá yín ńkọ́? Ó lè kọ̀wé sí dókítà yín láti béèrè ohun tí ẹ lè ṣe àti èyí tí ẹ kò lè ṣe, ẹ̀dà ìwé náà sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ yín lọ́wọ́. Òfin kò fún un láyè láti fi fóònù pe dókítà náà tàbí kó lọ bá a lójúkojú. Bí ó bá ṣe é, ẹ kọ̀wé sí OWCP.

Bí ìdájọ́ bá jáde tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ má fi ẹkún ṣe ìdáhùn. Ẹ ní ọjọ́ 30 láti béèrè pé kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ yín, ọdún kan láti ní kí wọ́n tún un gbé yẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀rí tuntun, àti ọjọ́ 180 láti gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn tí wọ́n ń pè ní ECAB. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìwé ìdájọ́ ni kí ẹ ti máa kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ ṣí àpòòwé.

Àwọn kan nínú wa rò pé onígbàgbọ́ kì í béèrè ẹ̀tọ́. Pọ́ọ̀lù béèrè. Nígbà tí wọ́n dè é láti nà án, ó bi wọ́n léèrè òfin Róòmù, wọn kò sì nà án mọ́. Àwọn baba wa náà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí ẹ bá mọ ẹnì kan nínú ìjọ yín tí lẹ́tà báyìí wà nílé rẹ̀, tó ti ń fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ẹ lọ bá a lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ bá a ka ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀, ẹ bá a kọ̀wé béèrè fáìlì rẹ̀, ẹ fi ọkọ̀ yín gbé e dé ẹnu ọ̀nà dókítà. Ẹ gbàdúrà fún un pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé kò pa ọjọ́ yẹn jẹ.