Ẹni Tó Ń Dúró De Lífìtì Lókè

Bọ́tìnnì méjì ló máa ń wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn lífìtì: ọ̀kan ń tọ́ka sókè, èkejì ń tọ́ka sísàlẹ̀. Mo máa ń ṣọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń tẹ̀ wọ́n láwọn ọ́fíìsì Èkó àti Ìbàdàn, ohun tí mo sì ń rí ń dùn mí. Ẹni tó wà ní àjà kẹta, tó fẹ́ lọ sí àjà kẹsàn-án, á gbójú sókè wo nọ́ńbà tó ń tàn, á rí i pé lífìtì wà ní àjà kọkànlá, á wá tẹ èyí tó ń tọ́ka sísàlẹ̀ kó lè pè é wálẹ̀. Bí kò bá tètè dé, á fi èkejì kún un.

Bọ́tìnnì yẹn kò wà fún pípe lífìtì wálẹ̀ tàbí pípè é sókè. Ibi tí ìwọ fúnra rẹ ń lọ lò ń sọ fún un. Bí lífìtì bá ń gòkè, àwọn tó ń gòkè ni yóò máa kó lójú ọ̀nà, títí kò fi ní ku ẹnikẹ́ni lókè tó ń pè é, kó tó yí padà wá kó àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá tẹ méjèèjì ti ní kó dúró lẹ́ẹ̀mejì. Yóò kó sínú èyí tó bá kọ́kọ́ dé, ì báà jẹ́ ìsàlẹ̀ ló ń lọ, yóò gba àyè ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀, yóò tún bá lífìtì padà sókè. Lẹ́yìn tó ti lọ tán, ìpè kejì tó tẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Lífìtì yóò dúró ní àjà kẹta, yóò ṣí ilẹ̀kùn fún atẹ́gùn, yóò dúró díẹ̀, yóò tún pa á dé. Obìnrin tó gbọ́mọ pọ̀n ní àjà kẹrìnlá, tó ń wo ilẹ̀kùn tí kò ṣí, kò ní mọ ẹni tó jẹ àkókò òun.

Ohun tí mo fẹ́ kí a rò gan-an nìyẹn. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹni tí o bá tì, iwájú rẹ ló wà. Yóò bú ọ, àwọn èrò yòókù yóò dá sí i, ojú yóò tì ọ́. Ti lífìtì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a ń ṣẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri, ní àjà mìíràn, a kò rí ojú rẹ̀, kò sì lè pariwo kí a gbọ́. Ìdí rèé tí ọmọlúàbí èèyàn, tí kò ní já ìlà mọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní báńkì, fi lè fi ẹsẹ̀ dí ilẹ̀kùn lífìtì títí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò fi parí ọ̀rọ̀ tó ń sọ pẹ̀lú akọ̀wé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lójú tirẹ̀, oore ló ń ṣe fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ló fi àkókò wọn san owó oore náà.

Kì í kúkú ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nílùú tiwa. Àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Ilé Kòkó tó wà ní Dùgbẹ̀, ní Ìbàdàn, wọ́n parí rẹ̀ ní 1965. Ilé NITEL ní Marina, ní Èkó, tó àjà méjìlélọ́gbọ̀n, 1979 ni wọ́n parí tiẹ̀. Kò sí àgbàlagbà tó yẹ kó máa fi ẹsẹ̀ gun irú ilé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iná ìjọba kò dúró, díísù wọ́n, lífìtì mẹ́rin lè wà nínú ilé kí ó jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n tàn. Níbi tí ẹyọ kan bá ti ń ṣiṣẹ́, gbogbo ìṣẹ́jú tí ẹnì kan bá fi ṣòfò, ara gbogbo ilé ló ti yọ ọ́.

Fífi ẹsẹ̀ tàbí báàgì dí ilẹ̀kùn tún ń ba nǹkan jẹ́. Ilẹ̀kùn ló sábà máa ń kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀ lára lífìtì, nítorí òun ló ń ṣiṣẹ́ jù, tó sì ń jẹ ìyà jù. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi àga há ẹnu ọ̀nà kí wọ́n lè kó páálí ìwé wọlé. Bọ́tìnnì tó ń dá ilẹ̀kùn dúró wà nínú lífìtì níbẹ̀, kò sẹ́ni tó wò ó.

Bí aago tó ń sọ pé ẹrù ti pọ̀ jù bá dún ńkọ́? Ilẹ̀kùn kò ní pa dé, lífìtì kò ní mira, gbogbo èèyàn yóò wá máa wo ilẹ̀. Ẹni tó wọlé kẹ́yìn ló yẹ kó jáde, àyàfi tó bá jẹ́ arúgbó tàbí aboyún. Nígbà náà, kí ọ̀dọ́ tó bá sún mọ́ ẹnu ọ̀nà bọ́ sílẹ̀ fún un. Má ṣe yí ìdúró padà, má sì fẹsẹ̀ kan dúró bíi pé ara rẹ yóò fúyẹ́. Lóòótọ́, lífìtì ní bíréèkì. Ní 1854, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Elisha Otis dúró lórí pèpéle kan níwájú àwọn èèyàn ní New York, ó ní kí wọ́n gé okùn tó gbé e dúró, bíréèkì tó ṣe sì mú pèpéle náà kó má baà já. Láti ìgbà náà ni èèyàn ti ní ìgboyà láti wọ nǹkan yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ni bíréèkì ń ṣiṣẹ́ fún. Ní August 2023, lífìtì já nílé tí àwọn dókítà ń gbé ní ọsibítù ìjọba tó wà ní Odan, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀dọ́mọbìnrin dókítà kan sì kú. Èrò inú lífìtì kọ́ ló fa ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó mú kí ẹ̀rù máa ba gbogbo wa láti ti ẹ̀rọ kọjá agbára rẹ̀, kí ẹni tó sì gba owó àtúnṣe máa tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ àgbà àti ọmọdé wà níbẹ̀ tí a kò tíì yanjú. Àṣà wa ni kí àgbà ṣáájú, mo sì fara mọ́ ọn nígbà tí a bá ń wọlé. Ìgbà tí a bá ń jáde ni ìṣòro. Ọmọkùnrin tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn gan-an yóò fẹ̀yìn mọ́ ògiri, yóò ní, “Ẹ máa lọ, sà,” bàbá tó wà lẹ́yìn kò rí ibi gbà kọjá, àwọn tó fẹ́ wọlé ti ń ti orí bọ̀. Ọmọ mi, jáde. Bọ́ síta, dúró sápá kan, kí àgbà kọjá, kí ìwọ tún wọlé bí o kò bá tíì dé ibi tí ò ń lọ. Ọ̀wọ̀ lo ṣe fún un yẹn. Àwọn tó wà níta náà, ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà nínú jáde ná.

Ẹ kí ara yín. Wọ́n sọ fún wa pé ará ìlú òyìnbó kì í sọ̀rọ̀ nínú lífìtì, àwọn kan sì ti sọ ọ́ di ọ̀làjú. Kí èèyàn wọlé bá àgbà mẹ́ta, kó kọjú sí ilẹ̀kùn láìsọ “Ẹ káàárọ̀,” kò dára. Gbólóhùn kan ti tó. Ti fóònù tí gbogbo èèyàn ń gbọ́ ohùn ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀, pa á. Báàgì ẹ̀yìn, bọ́ ọ, gbé e síwájú.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti àwọn ọ̀gá. Ọlọ́pàá yóò ṣáájú, yóò na ọwọ́, àwọn tó ti wà nínú yóò jáde, àwọn tó ti wà lórí ìlà yóò sún sẹ́yìn, èèyàn kan àti ẹni tó ń gbé báàgì rẹ̀ yóò wá wọ inú lífìtì tó lè gbé èèyàn mẹ́tàlá. Mo ti rí i tí wọ́n lé ìyá àgbà kan tó ń fi ọ̀pá rìn jáde bẹ́ẹ̀. Owó ará ìlú ni wọ́n fi ra lífìtì náà, òun ni wọ́n fi ń ra díísù tó ń gbé e. Ní ọsibítù, ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: lífìtì tó fẹ̀ tí wọ́n ṣe kí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn lè wọ̀ ọ́ ni àwọn àlejò ń kún fọ́fọ́, nọ́ọ̀sì á dúró níta pẹ̀lú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kúrò ní tíátà.

Àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba kan ṣì ní òṣìṣẹ́ tó ń jókòó sórí àpótí nínú lífìtì, tó ń bá èèyàn tẹ bọ́tìnnì. Ẹ fún un láṣẹ lórí ìwé, kí ọ̀gá àgbà fọwọ́ sí i, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní èdè Yorùbá. Bí kọmíṣánnà bá dé tó bá aláìsàn lórí àga onítáyà lẹ́nu ilẹ̀kùn, kí òṣìṣẹ́ yẹn lè sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró de èyí tó ń bọ̀,” kí iṣẹ́ má sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ẹ̀.